Èémí Tí A Gbàgbé: Ìtàn Ìtọ́jú Àrùn Rọpárọsẹ̀ ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọlu ènìyàn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, apá tí ó rọ jọwọlọ àti ẹsẹ̀ tí kò gbé ara mọ́ ni ojú mọ̀lẹ́bí kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà ni ẹnu tí ó yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, lẹ́yìn náà ni ahọ́n tí ó wúwo débi pé bàbá kò lè pe orúkọ àkọ́bí rẹ̀ já gaara mọ́. Ṣùgbọ́n èémí, tí gbogbo ìwọ̀nyí rọ̀ mọ́, ni a máa ń fi sẹ́yìn, nítorí a rò pé níwọ̀n ìgbà tí àyà bá ṣì ń lọ sókè tí ó sì ń bọ̀ wálẹ̀, kò sí ohun tí ó ṣe é. Èrò yìí kò tọ́, nítorí pé òtútù àyà wà lára àwọn ohun tí ó ń pa àwọn tí rọpárọsẹ̀ kò rí pa lọ́jọ́ tí ó dé, ẹni tí èémí rẹ̀ kò sì lágbára láti wúkọ́ sókè ni ó ń yára dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ ni ti bí ilẹ̀ Ẹ̀gbá ti ń la ojú sí i nípa àrùn yìí láti ìran dé ìran, bí ìran kọ̀ọ̀kan ti fi nǹkan kún ohun tí ó bá nílẹ̀, àti ohun kan tí ó kù fún ìran tiwa láti ṣe: kí a gbé ẹ̀rọ síkáànù, tí a fi ń wo ọmọ inú aboyún, sí ẹ̀gbẹ́ ìhà ẹni tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, kí a fi wo iṣan tí ó ń mí fún un.

Ní ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá, tí ogun ti tú ká kúrò nínú àwọn ìlú wọn àtijọ́ nínú igbó, tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ aṣíwájú wá sí abẹ́ Olúmọ, àpáta tí ó ṣíji bo olórí àti ẹrú, tí ó fi ihò inú rẹ̀ ṣe yàrá fún abiyamọ. Ìlú kọ̀ọ̀kan, ìbáà ṣe Aké, ìbáà ṣe Ìjẹ̀mọ̀, ìbáà ṣe Ìgbẹ̀in tàbí Ìtòkò, ni ó kó oyè rẹ̀, òrìṣà rẹ̀ àti oníṣègùn rẹ̀ wá, nítorí náà ìmọ̀ ìṣègùn tí ó wọ Abẹ́òkúta kì í ṣe ti ẹnì kan, àpapọ̀ ọgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ agboolé ni. Bí ẹnì kan bá ṣubú lójijì tí apá kan ara rẹ̀ sì kú, a óò ké sí babaláwo láti wádìí, nítorí ìgbàgbọ́ ìgbà náà ni pé irú ìṣubú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe lásán, pé ọ̀tá ni ó ta á tàbí pé ẹbọ kan ni ó fi sẹ́yìn. A óò sì ké sí oníṣègùn láti tọ́jú, pẹ̀lú àgbo, àgúnmu, gbẹ́rẹ́ àti òrí tí a fi ń wọ́ apá àti ẹsẹ̀ náà láàárọ̀ àti lálẹ́.

Kò yẹ kí a fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun tí àwọn baba wa ṣe. Ọwọ́ tí ó ń fi òrí wọ́ oríkèé láràárọ̀ kò jẹ́ kí oríkèé náà gan, ará ilé tí ó ń gbé aláìsàn jókòó, tí ó ń yí i sí ọ̀tún tí ó ń yí i sí òsì, sì ń gbà á lọ́wọ́ egbò ìdùbúlẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà mọ̀ pẹ̀lú pé bí ẹni tí ó dákú bá bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ohun tí a ń fi ọwọ́ dẹngbẹrẹ mú. Etí wọn ti gbọ́ ohun tí ojú wọn kò lè rí. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fara pamọ́ sí ẹ̀yìn egungun ìhà, ta ni ó lè wò ó nígbà náà?

Ní òkè òkun pàápàá, ọ̀nà láti wo èémí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là ni. Ní ọdún 1816, ọdún mẹ́rìnlá ṣáájú ìtẹ̀dó Abẹ́òkúta, ni dókítà ará Faransé kan, René Laennec, ká ìwé róbótó tí ó sì fi gbọ́ ohùn àyà, èyí tí ó di ẹ̀rọ tí gbogbo dókítà ń fi kọ́ ọrùn títí di òní. Ní ọdún 1846, nígbà tí Henry Townsend, tí ó ti kọ́kọ́ bẹ ìlú wò ní 1843, padà wá pẹ̀lú Samuel Àjàyí Crowther láti tẹ ilé ìjọ dó ní Abẹ́òkúta, ni John Hutchinson ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ń gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ jáde, èyí tí ènìyàn ń fẹ́ atẹ́gùn sí kí a lè wọn iye èémí tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè gbà. Ó sì wọn ti àwọn ènìyàn tí ó lé ní 2000. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ṣeé ṣe láti sọ pé èémí lágbájá tó báyìí, ti tàmẹ̀dù kò tó o. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò lè sọ iṣan tí ó jẹ̀bi.

Àwọn ìjọ Ọlọ́run ni wọ́n mú ìṣègùn tuntun wọ Abẹ́òkúta. Ní àwọn ọdún 1860, Dókítà Harrison, tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS rán wá, kì í tọ́jú aláìsàn nìkan, ó tún kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin jọ ó sì ń kọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Nathaniel King, ọmọ àlùfáà Thomas King, tí ó wá di ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tí wọ́n gba oyè dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí a kíyè sí èyí: ní Abẹ́òkúta ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó di pé a ní ìjọba àpapọ̀ tàbí yunifásítì kankan. Ní ọdún 1895 ni àwọn Kátólíìkì dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lantoro, níbi tí àlùfáà Faransé nì, Jean-Marie Coquard, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú àìmọye ènìyàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà ni Wilhelm Röntgen ní ilẹ̀ Jámánì rí ìtànṣán tí ń la ara kọjá, èyí tí a ń pè ní ẹ́ksíréè. Pẹ̀lú ẹ́ksíréè ni àwọn dókítà ti kọ́kọ́ rí iṣan èémí tí ó ń gòkè tí ó sì ń sọ̀ nínú ẹni tí ó wà láàyè, tí wọ́n sì mọ̀ pé nígbà mìíràn apá kan rẹ̀ a máa dúró gbagidi nígbà tí èkejì ń ṣiṣẹ́.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ kí a sọ bí iṣan yìí ti rí, nítorí ohun tí a kò mọ̀ kò ṣeé tọ́jú. Iṣan pẹlẹbẹ kan ni, tí ó tẹ́ sí abẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ní ọ̀tún àti ní òsì, tí ó sì pààlà sáàárín àyà àti ikùn. Nígbà tí ó bá fà, ó ń sọ̀ kalẹ̀, àyè inú àyà a sì gbòòrò, atẹ́gùn a sì wọlé fúnra rẹ̀; nígbà tí ó bá dẹ̀, ó ń gòkè padà, atẹ́gùn a sì jáde, gẹ́gẹ́ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ti ń mú afẹ́fẹ́ tí ó sì ń tú u sílẹ̀ sí iná. Àwọn fọ́nrán tí ń gbé àṣẹ wá fún un bẹ̀rẹ̀ láti inú ọrùn, ní ibi egungun ọrùn kẹta títí dé ìkarùn-ún, wọ́n sì gba àárín àyà kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àṣẹ méjì ni ó ń gbà: ọ̀kan ti ìsàlẹ̀ ọpọlọ wá, èyí tí ó ń mú wa mí lójú oorun àti nígbà tí ọkàn wa kò sí níbẹ̀, èkejì ti òkè ọpọlọ wá, èyí tí a ń lò nígbà tí a bá fẹ́ mí kanlẹ̀, tí a fẹ́ kọrin, tí a fẹ́ wúkọ́, tí a fẹ́ ké sí ẹni tí ó wà ní òdìkejì odò.

Nínú àṣẹ méjì yìí ni àṣírí ọ̀rọ̀ wa wà. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ bá ba ẹ̀gbẹ́ kan ọpọlọ jẹ́, àṣẹ láti òkè ọpọlọ sí ìdajì iṣan èémí ní òdìkejì ara a máa dín kù, bí ó ti ń dín kù sí apá àti ẹsẹ̀; ṣùgbọ́n àṣẹ ti ìsàlẹ̀ ọpọlọ lè wà níbẹ̀ síbẹ̀, nítorí náà bí aláìsàn bá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, èémí rẹ̀ lè dà bí ti ẹni tí kò ní àìlera kankan. Ìgbà tí a bá sọ fún un pé, “Bàbá, ẹ mí kanlẹ̀,” ni àìlera náà ń yọjú, bí a bá ní ohun tí a fi lè rí i. Bí iṣan náà bá ti rẹ̀ sílẹ̀, ikọ́ a di aláìlágbára. Bí ọ̀nà ọ̀fun náà bá sì ti rọ, ẹ̀kọ tàbí omi díẹ̀ tí ó ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró kò ní rí ikọ́ tí yóò lé e jáde, ibẹ̀ ni òtútù àyà sì ń gbà wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìtàn Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ni a sọ ọgbà kan ní Lantoro di ibi ìtọ́jú fún àwọn tí ọpọlọ wọn kò balẹ̀, nínú èyí tí àwọn ọmọ ogun tí ó padà dé láti ojú ogun wà. Ní ọdún 1954 ni Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta tí a bí ní 1923, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Aró. Àrùn ọpọlọ mìíràn ni Lambo dojú kọ, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó dá kàn wá gbọ̀ngbọ̀n: kò ti aláìsàn mọ́lé, ó ní kí aláìsàn máa gbé ní abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, kí ìyá tàbí àbúrò tàbí aya rẹ̀ máa bá a gbé, kí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì ní ìjókòó tiwọn nínú iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1961 àwọn onímọ̀ àrùn ọpọlọ láti gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà péjọ sí Abẹ́òkúta, ayé sì mọ̀ láti ìgbà náà pé mọ̀lẹ́bí jẹ́ apá kan oògùn. Ẹ̀kọ́ tí Aró kọ́ ayé ni a óò tún nílò nígbà tí a bá dé orí èémí, nítorí pé dókítà lè wo iṣan náà, ará ilé ni yóò jókòó tì í lójoojúmọ́ tí iṣan náà yóò fi lágbára.

Iṣẹ́ àwọn físíò, tí wọ́n ń fi ìdárayá tún iṣan ṣe, dé Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1945, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fara gbọgbẹ́ ní Ìgbóbì ní Èkó. Ní ọdún 1959 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, ní ọdún 1966 sì ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní iṣẹ́ náà títí dé oyè. Nípa rọpárọsẹ̀ fúnra rẹ̀, Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntòkun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, ni ó kọ́kọ́ fi ìwé orúkọ ká a mọ́, nítorí láti ọdún 1973 sí 1975 òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ka iye àwọn tí àrùn náà kọlù ní ìlú Ìbàdàn. Ṣáájú èyí, àwọn kan ń sọ pé rọpárọsẹ̀ kì í sábà ṣe ènìyàn dúdú; ìwé orúkọ Ìbàdàn sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ di òfo, ó sì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni igi wọ́rọ́kọ́ tí ń da iná rú.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí orí ẹ̀rọ náà. Ní ọdún 1880, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní ilẹ̀ Faransé, Jacques àti Pierre Curie, rí i pé bí a bá tẹ irú òkúta dídán kan, ó ń mú agbára iná jáde, a sì tún rí i láìpẹ́ pé bí a bá fi agbára iná sí i, òkúta náà a máa gbọ̀n. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Paul Langevin lo ọgbọ́n yìí láti rán ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ sínú òkun, kí ó lè fi gbohùngbohùn rẹ̀ mọ ibi tí ọkọ̀ abẹ́ omi ọ̀tá wà. Ní ọdún 1942, Karl Dussik ní ilẹ̀ Austria gbìyànjú láti fi irú ìró bẹ́ẹ̀ wo ọpọlọ, egungun agbárí sì dí i lọ́nà. Ní ọdún 1958, Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow fi ìró náà wo inú ikùn, wọ́n rí kókó, wọ́n rí ọmọ inú oyún, ayé sì yí padà fún àwọn aboyún. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé lónìí, láti Ìdí-Abà dé Ìjàyè, láti Ọbáńtokò dé Láfẹ́nwá, bí o bá dárúkọ síkáànù fún ìyá ọlọ́jà, oyún ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń wo ọmọ lè wo iṣan. Ní ọdún 1975 ni àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ti kọ̀wé pé ẹ̀rọ yìí lè wo bí iṣan èémí ti ń gòkè sọ̀kalẹ̀, láìsí ìtànṣán kankan tí ó lè pa ara lára. Ní ọdún 1994, àwọn oníwádìí ní Lọ́ńdọ̀nù gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìhà àwọn tí rọpárọsẹ̀ ti mú apá kan ara wọn, wọ́n sì rí ohun tí a ti ń sọ bọ̀: bí àwọn aláìsàn náà bá ń mí jẹ́ẹ́, kò sí ìyàtọ̀, bí a bá ní kí wọ́n mí kanlẹ̀, ìhà tí àrùn mú kò lọ tó bí ó ti yẹ lára àwọn kan nínú wọn. Ní ọdún 1997, àwọn oníwádìí mìíràn ní Amẹ́ríkà fi hàn pé a lè mọ iṣan èémí tí ó ti rọ pátápátá nípa wíwo bí ó ti ń nípọn sí i nígbà tí ènìyàn bá mí wọlé. Ní ọdún 2009 sì ni àwọn ará Marseille ní ilẹ̀ Faransé fi ara ènìyàn 210 tí ara wọn dá ṣáká wọn iye tí ìrìn iṣan náà yẹ kí ó jẹ́.

Ní àkókò kan náà ni àkọsílẹ̀ nípa rọpárọsẹ̀ ń pọ̀ sí i ní ẹkùn tiwa. Ọdún 1993 ni ìjọba àpapọ̀ dá Federal Medical Centre sílẹ̀ ní Ìdí-Abà. Láti ọdún náà títí dé 2002 ni àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ṣágámù, ní Rẹ́mọ tí ó múlé gbè wá, ń ka àwọn tí rọpárọsẹ̀ gbé wá, nígbà tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005, ó bani nínú jẹ́: nínú 100 ènìyàn, nǹkan bí 40 ni kò rí ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí àrùn náà kọlù wọ́n. Lẹ́yìn èyí ni Rufus Akínyẹmí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpasẹ̀ àwọn tí rọpárọsẹ̀ ṣe tí wọ́n sì yè é ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, láti mọ ohun tí àrùn náà fi sílẹ̀ nínú ìrántí àti òye wọn. Ní ọdún 2018, iṣẹ́ ńlá tí a ń pè ní SIREN, tí Máyọ̀wá Owólabí ṣe aṣíwájú rẹ̀, tí Abẹ́òkúta sì wà lára àwọn ibùdó rẹ̀, gbé aláìsàn 2118 ní Nàìjíríà àti Gánà sí ẹ̀gbẹ́ àwọn 2118 tí àrùn náà kò ṣe, ó sì sọ ohun tí ó ń fà á: ẹ̀jẹ̀ ríru ni olórí, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, àtọ̀gbẹ, ìdààmú ọkàn, àìṣe eré ìdárayá, iyọ̀ tí a tún ń bù sí oúnjẹ tí ó ti wà nínú àwo, àti àìjẹ ẹ̀fọ́ tó. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi láfún jẹ ewédú, tí ẹ ní tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ lẹ́yìnkùlé, ẹ gbọ́.

Nípa èémí, Ilé-Ifẹ̀ ni a ti rí ẹ̀rí tí ó sún mọ́ wa jù. Ní ọdún 2013 ni àwọn físíò ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti mú àwọn tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe, tí wọ́n sì wá àwọn tí ọjọ́ orí wọn bá tiwọn dọ́gba, ọkùnrin fún ọkùnrin, obìnrin fún obìnrin, wọ́n ní kí gbogbo wọn fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ, wọ́n sì fi tépù wọn bí àyà wọn ti ń gbòòrò tó. Àwọn tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe rẹlẹ̀ jìnnà nínú gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè òkun nìkan ni pé èémí ń dín kù lẹ́yìn àrùn yìí. A ti wọ̀n ọ́n lára ọmọ Yorùbá, nínú ilé ìwòsàn Yorùbá. Ohun tí ẹ̀rọ ìfẹ́-atẹ́gùn kò lè sọ ni ohun tí síkáànù lè sọ: ìhà wo ni ó rẹ̀, báwo ni ó ti rẹ̀ tó, ṣé ó sì ń sàn.

Bí a ti ń ṣe é kò le. A óò gbé orí aláìsàn sókè díẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, a óò fi oje tútù kun awọ ara rẹ̀ lábẹ́ egungun ìhà ìsàlẹ̀, a óò sì gbé ojú ẹ̀rọ náà, èyí tí ó rí róbótó tí a fi ń wo aboyún, síbẹ̀ kí ó kọjú sókè. Ní ọ̀tún, ẹ̀dọ̀ ni yóò ṣí ọ̀nà fún ìró náà. Ní òsì, ọlọ inú ni. Ìlà funfun kan yóò yọ lójú ẹ̀rọ, yóò sì máa gòkè sọ̀kalẹ̀ bí aláìsàn ti ń mí: nínú ẹni tí ara rẹ̀ dá, bí ó bá ń mí jẹ́ẹ́, ìrìn náà kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ sí méjì lọ, bí ó bá mí kanlẹ̀, ó lè tó bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà sí méje. Lẹ́yìn náà ni a óò gbé ojú ẹ̀rọ kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ìhà, láàárín egungun kẹjọ sí ìkẹwàá, níbi tí iṣan náà ti fara ti ògiri àyà: ìlà funfun méjì ni a óò rí, iṣan dúdú tín-ín-rín sì wà láàárín wọn, tí ó nípọn bíi mìlímítà méjì. Bí ènìyàn bá mí wọlé, ó yẹ kí ó nípọn sí i. Bí ohun tí ó fi kún un kò bá tó ìdá kan nínú márùn-ún, ìhà náà ti rọ.

Ẹ̀rọ náà ní ààlà tirẹ̀, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Ìhà òsì a máa ṣòro láti wò, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú àpòlúkù a máa dí ìró lọ́nà. Ọwọ́ tí kò mọ̀ ọ́n lò lè rí ohun tí kò sí. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí a ń sọ fún un nítorí àrùn náà kò sì lè mí kanlẹ̀ nígbà tí a bá ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ a lè gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a lè tún un ṣe lọ́la àti ní ọ̀túnla, kò sì sí ìpalára nínú rẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èémí aláìsàn ni ó yẹ kí a wò kí a tó pinnu bí a óò ti jókòó tì í, bí a óò ti fún un ní oúnjẹ, àti ọjọ́ tí a óò jẹ́ kí ó lọ sílé.

Wíwò nìkan kò sì wo ènìyàn sàn. Ẹni tí a bá rí i pé iṣan èémí rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a máa gbé e jókòó dípò kí ó máa dùbúlẹ̀ gbalaja. Ẹ má ṣe fi ìfẹ́ pọn ọ́n ní ẹ̀kọ kí a tó dán ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wò. Kí àwọn físíò kọ́ ọ ní mímí kanlẹ̀ àti wíwúkọ́, kí wọ́n sì fún un ní ohun èlò kékeré tí ó ń mú kí mímí wọlé le díẹ̀, kí iṣan náà lè fi bẹ́ẹ̀ lágbára, nítorí ìwádìí ti fi hàn pé irú ìdárayá bẹ́ẹ̀ a máa mú agbára èémí pọ̀ sí i lẹ́yìn rọpárọsẹ̀. Bí a bá dé ilé, ibi tí Aró ti kọ́ wa ní ọgbọ́n ni a óò padà sí: ọmọ tí ó ń fi òrí wọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ láàárọ̀ lè sọ fún un pé, “Ẹ mí kanlẹ̀, Ìyá mi, ẹ tún un ṣe,” kí ó sì bá a kà á títí ó fi pé.

Bí a bá ní kí a dúró de owó ńlá, a óò dúró pẹ́. Ẹ̀rọ síkáànù ti wà nínú àwọn ilé ìwòsàn wa, àwọn tí wọ́n mọ bí a ti ń gbé e sí ara wà níbẹ̀, àwọn físíò wà níbẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí àwọn tí ń wo aboyún àti àwọn tí ń tún iṣan ṣe jókòó pọ̀, kí ọ̀kan kọ́ èkejì, kí àwọn olórí ilé ìwòsàn sì fi wíwo èémí sínú ètò tí gbogbo ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá gbé wá yóò là kọjá. Lísàbí Agbòǹgbò-Àkàlà kò rí ohun ìjà tuntun kó tó gba Ẹ̀gbá sílẹ̀ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́; àáró tí àwọn àgbẹ̀ ti ń bá ara wọn ṣe lóko ni ó sọ di agbára. Iṣẹ́ yìí ń fẹ́ àáró bẹ́ẹ̀ láàárín dókítà, físíò, nọ́ọ̀sì àti mọ̀lẹ́bí. Ilẹ̀ tí ó kọ́ Nathaniel King ní ìṣègùn kí ó tó di dókítà, tí ó sì kọ́ ayé ní ọ̀nà Aró, kò ní àwíjàre kankan tí ó fi yẹ kí èémí máa kú lójú rẹ̀ láìwò, nígbà tí ohun tí a fi ń wò ó ti wà nínú yàrá kejì.